Ìwọ̀n Eku, Ìwọ̀n Ìtẹ́: Àgọ́ Fífúyẹ́ fún Ẹni Gíga Tó Fẹ́ Sùn Lórí Òkè Oníyìnyín

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Leeds ni mo ń gbé, gíga mi sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 195. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, tí òun kò ju 172 lọ, fẹ́ lọ sùn lórí àwọn òkè Cairngorms ní Scotland nínú oṣù kejì. Bó bá lọ dáadáa, a ó gba Alps lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú àgọ́ tí mo ń lò báyìí, ẹsẹ̀ mi máa ń kan aṣọ rẹ̀ mọ́jú, ìdí àpò ìsùn mi a sì ti rin kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo ti wá rí òmíràn, ti ẹni méjì, tí kò tó kílò kan ààbọ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ gùn ní 210, ẹni tó ń tà á sì ní yóò gbà mí. Ṣé kí n rà á? Mi ò fẹ́ ru ẹrù tó wúwo.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má rà á.

Ó hàn nínú ọ̀rọ̀ rẹ pé ọkàn rẹ ti lọ síbẹ̀, mi ò sì fẹ́ bà ọ́ nínú jẹ́. Ṣùgbọ́n àpò ìsùn tó rin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìnira òru kan ni. Èyí tó rin lórí Cairngorms nínú oṣù kejì, nígbà tí òkùnkùn ń gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́rìnlá, tí ọ̀nà mọ́tò sì jìn, ó lè pa èèyàn. Ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ tó wà nínú àpò ìsùn, afẹ́fẹ́ tó há sáàárín rẹ̀ ló ń mú ara móoru. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ìyẹ́ náà á lẹ̀ mọ́ra, afẹ́fẹ́ á jáde, òtútù á sì wọlé láti ọmọ ìka ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ àtúnṣe àgọ́ ni mo ń ṣe. Bí wọ́n bá gbé àgọ́ ẹni gíga sórí tábìlì wa, mo máa ń dá a mọ̀ kí olúwa rẹ̀ tó sọ̀rọ̀. Ibi ìdí ẹsẹ̀ ni aṣọ inú ti máa ń dọ̀tí. Ibẹ̀ náà ni ojú rírán ti máa ń là, tí okùn ràbà tó so aṣọ inú mọ́ aṣọ òde á ti fà títí kò fi ní lè sún mọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń rò pé àwọn rí àgọ́ tí kò dáa rà. Àgọ́ náà dáa, a kàn ṣe é fún ẹlòmíràn ni. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, bẹ́ẹ̀ eku tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń wọn ìtẹ́ wọn kò ju 183 lọ: àpò ìsùn wọn tó wọ́pọ̀ jù, ẹni 183 ló wà fún, ẹní afẹ́fẹ́ wọn tó wọ́pọ̀ jù náà, 183 ló gùn. Àgọ́ wá ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú kúrò nínú lẹ́tà yìí nìyí: nọ́ńbà 210 tí wọ́n kọ, ti ilẹ̀ ni, ìwọ kò sì ní sùn sórí ilẹ̀. Ẹní afẹ́fẹ́ tó bá yẹ fún yìnyín máa ń nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 7 tàbí 8. Lórí rẹ̀ ni àpò ìsùn wà, inú àpò ìsùn ni ìwọ wà, o sì fẹ̀yìn lélẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ dojú kọ òkè. Bí o bá wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé orí ọmọ ìka yẹn, ó máa ń tó 30, nígbà mìíràn 35. Imú rẹ náà kò jìnnà sí gíga yẹn. Nítorí náà, gígùn tí o nílò ni gígùn àgọ́ níbi tó ga ní 30 sókè láti ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kọ ìyẹn sára páálí.

Jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀ pọ̀. Ká ní ògiri tó wà níparí àgọ́ fì sínú, tó dúró ní dígírì 60 sí ilẹ̀. Nígbà tó bá fi ga dé 30, ó ti jẹ sẹ̀ǹtímítà 17 nínú àyè rẹ. Lápá orí nìyẹn. Lápá ẹsẹ̀, 17 mìíràn. Àgọ́ 210 ti di 175, o sì fi 20 gùn jù ú lọ kí o tó wọ àpò ìsùn rárá. Bí ògiri náà bá túbọ̀ nàró, ká ní ó dúró ní dígírì 75, nǹkan bíi 8 ni yóò jẹ lápá kọ̀ọ̀kan. 210 á di 194. Kò tíì tó. Àpò ìsùn gígùn tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ga dé 198, bí o bá wọ inú rẹ̀ tí o na ara tán, láti orí rẹ̀ dé ìdí rẹ̀ lóde máa ń tó nǹkan bíi 210. Nọ́ńbà tí ò ń wá nìyẹn, 210 níbi tó ga ní 30. Àgọ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 230 tí ògiri rẹ̀ dúró ní dígírì 75 máa fún ọ ní 214. Àgọ́ 220 lè gbà ọ́ pẹ̀lú, bí ògiri ìparí rẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ nàró ṣánṣán. 220 tí ògiri rẹ̀ fì dé 60 kò ní ju 185 lọ. O rí i pé bí ògiri ṣe dúró ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ ju bí ilẹ̀ ṣe gùn lọ.

O kò nílò dígírì kankan láti wọ̀n ọ́n. Gé páálí tàbí igi pẹlẹbẹ kan sí sẹ̀ǹtímítà 30. Ta àgọ́ náà dáadáa, wọ inú rẹ̀, gbé páálí náà nàró, kí o sì máa sún un lọ síhà ìparí kan títí orí rẹ̀ yóò fi kan aṣọ inú. Fi téèpù sàmì sí ilẹ̀ níbẹ̀. Ṣe bẹ́ẹ̀ lápá kejì. Àárín àmì méjèèjì ni àgọ́ rẹ, ìyókù jẹ́ ibi tí wàá kó bàtà sí. Lẹ́yìn náà, tẹ́ ẹní rẹ, wọ àpò ìsùn rẹ, fa síìpù rẹ̀, kí o sùn síbẹ̀ fún wákàtí kan gbáko. Yí padà, fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, fẹ̀yìn lélẹ̀, na ẹsẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì nínú ṣọ́ọ̀bù kò lè sọ òtítọ́ fún ọ, torí èèyàn máa ń ká ara jọ láìmọ̀ bí ẹlòmíràn bá dúró tì í. Bí o bá rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Britain níbẹ̀, òfin fún ọ ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà lẹ́yìn tó bá dé ọwọ́ rẹ. Ta á sí pálọ̀ nígbà náà, kó má bàa dọ̀tí kí o tó mọ̀ bóyá yóò bá ọ gbé.

Kí o tó ná kọ́bọ̀ rárá, wá àwòrán ẹ̀gbẹ́ àgọ́ náà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó mọṣẹ́ máa ń tẹ àwòrán tó fi ẹ̀gbẹ́ àti ilẹ̀ hàn pẹ̀lú ìwọ̀n wọn. Fi rúlà lé e lójú kọ̀ǹpútà, bu gíga àgọ́ sí ìpín, kí o wá ibi tí 30 máa bọ́ sí. Kì í péye tán, ṣùgbọ́n ó máa ń tó láti lé èyí tí kò lè gbà ọ́ dànù.

Ó kù kí a dárúkọ. Mi ò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí mo fẹ́ dárúkọ wọ̀nyí.

Nínú àwọn àgọ́ aláṣọ kan ṣoṣo, èyí tí àwọn tó ń gun òkè gíga fẹ́ràn nítorí ó fúyẹ́, tí a sì lè ta á sórí àpáta tóóró, ilé-iṣẹ́ Black Diamond ní èyí tí wọ́n ń pè ní Firstlight. Ilẹ̀ rẹ̀ kò ju 208 lọ. Ẹni gíga tó bá wọ inú rẹ̀, orí àti ẹsẹ̀ ló máa fi ń gbé aṣọ náà dúró. Ilé-iṣẹ́ yẹn kan náà ní Eldorado, tí ilẹ̀ rẹ̀ gùn dé 220 ní tìtorí àwọn tó ga. Ó lé ní kílò méjì. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa aláṣọ kan. Níbi tí òtútù bá ti gbẹ, bíi lókè pátápátá ní Alps, oru ẹnu yín á di yìnyín tín-ín-rín lára aṣọ, ẹ lè fi ọwọ́ gbọ̀n ọ́n dànù láàárọ̀. Scotland kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yìnyín ibẹ̀ máa ń bọ́ láàárọ̀, ó ń di òjò ní ọ̀sán, ó tún ń dì lóru. Aṣọ kan tó tutù, tí kò sí nǹkan láàárín òun àti àpò ìsùn rẹ, ìwọ tí ara rẹ gùn ni yóò kọ́kọ́ fi kàn án. Bí ó bá jẹ́ Alps nìkan lò ń lọ, mo lè ronú sí Eldorado. Fún oṣù kejì ní Cairngorms, aláṣọ méjì, èyí tó ní aṣọ inú àti aṣọ òde, ni kí o mú.

Hilleberg, ilé-iṣẹ́ àwọn ará Sweden tó bẹ̀rẹ̀ ní 1971, ni mo máa ń kọ́kọ́ tọ́ka ẹni gíga sí, tí owó bá wà. Unna wọn, ti ẹni kan, ilẹ̀ rẹ̀ gùn tó 230, ó sì dúró fúnra rẹ̀ láìsí èèkàn. Kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n o lè tú apá kan aṣọ inú sílẹ̀, kí ibẹ̀ di ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ọ. Ẹni gíga tó ń dá lọ sórí òkè, bó bá béèrè lọ́wọ́ mi, Unna ni. Ti ẹni méjì, Jannu, gùn tó nǹkan bíi 235, òun wá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀pá mẹ́ta tó ń kọjá lórí ara wọn ló gbé e ró, ó sì wúwo tó nǹkan bíi kílò mẹ́ta. Má ṣàṣìṣe àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú Nallo tí wọ́n ń ṣe bákan náà. Nallo fúyẹ́ jù wọ́n lọ, àgọ́ gidi ni, ṣùgbọ́n ó ń lọ sílẹ̀, ó sì ń tóóró bó ṣe ń lọ síbi ẹsẹ̀, ibi tí ìwọ sì nílò àyè jù nìyẹn.

Access 2 ti ilé-iṣẹ́ MSR kò tó kílò méjì, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 213. Ọ̀rẹ́ rẹ máa sùn nínú rẹ̀ bí ọba. Ìwọ, rárá. Tarptent ní Amẹ́ríkà ń ṣe Scarp, tí ọ̀pá kéékèèké tó wà ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbé ìparí rẹ̀ sókè kúrò lójú ẹni. O sì lè fi ọ̀pá méjì kún un láti dojú kọ yìnyín. Ìrònú tó wà nínú igun yẹn dára gan-an fún ẹni gíga, wọn ìwọ̀n rẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ. Big Agnes máa ń ṣe irú Copper Spur kan tí wọ́n pè ní "Long", ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí kò sí yìnyín ló wà fún. Fi í sílẹ̀ dé ìgbà tí o bá ń rìn ní àfonífojì.

Àwọn kan máa sọ fún ọ pé kí o kàn ra ti ẹni mẹ́ta. Wò ó dáadáa: ọ̀pọ̀ àgọ́ ẹni mẹ́ta, fífẹ̀ ni wọ́n fi kún un, gígùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹni méjì. O máa ru ẹrù kún ẹrù, ẹsẹ̀ rẹ á ṣì máa kan ògiri.

Àwọn mìíràn á ní kí o sùn ní ìkọrọ̀, láti igun dé igun. Lórí ìwé, ilẹ̀ 210 tó fẹ̀ ní 130 ní ìkọrọ̀ tó 247, ìyẹn sì dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n okùn nìkan ló lè lo 247 yẹn, torí okùn kò ní fífẹ̀. Ẹní rẹ tó fẹ̀ ní 64, bí o bá ti ń yí i, igun rẹ̀ méjèèjì á kọ́kọ́ kan ògiri, kò ní jèrè sẹ̀ǹtímítà kan. Àpò ìsùn tó tóóró níbi orí àti níbi ẹsẹ̀ lè jèrè bíi 10 bí o bá dá nìkan wà. Ẹ̀yin méjì lẹ fẹ́ lọ, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìkọrọ̀ kò kàn yín.

Fífẹ̀ kàn yín, síbẹ̀, ó sì máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ẹní afẹ́fẹ́ gígùn sábà máa ń fẹ̀ kún un. Wo XTherm ti Therm-a-Rest: èyí tó gùn ní 183 fẹ̀ ní 51, èyí tó gùn ní 196 fẹ̀ ní 64. Tìrẹ 64, ti ọ̀rẹ́ rẹ 51, àpapọ̀ rẹ̀ 115. Inú àgọ́ tó fẹ̀ ní 120 tàbí 125, ó wọ̀ ọ́. Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ga bíi tìẹ, 128 ni ẹ máa nílò, ẹní kan á sì gun èkejì. Bí àgọ́ bá tún tóóró níbi ẹsẹ̀, wọ̀n ibẹ̀, má wọn àárín nìkan. Ọ̀nà àtijọ́ kan wà tí àwọn agunkè ṣì ń lò: mú ẹní 183, fà á sókè síhà orí, kí o wá tẹ́ àpò ẹ̀yìn rẹ tó ti ṣófo sábẹ́ ẹsẹ̀. Ó dín ìwúwo kù, ó dín fífẹ̀ kù, ẹsẹ̀ rẹ tún lọ sílẹ̀ díẹ̀ sí i, tó túmọ̀ sí pé ògiri jìnnà sí i. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n rí i dájú pé àpò náà kò tutù.

Jíjókòó ńkọ́? Ẹni 195, láti ìdí dé àtàrí lórí ìjókòó, máa ń tó bíi 100. Jókòó sílẹ̀, fẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹnì kan wọ̀n ọ́n fún ọ. Fi ẹní kún un, o ti kọjá gíga inú ọ̀pọ̀ àgọ́ orí òkè, tí wọn kì í ju 95 sí 110 lọ. Wàá tẹ ọrùn nígbà tí o bá ń wọ bàtà. Mo mọ̀ pé kò dùn. Síbẹ̀, láàárín gígùn àti gíga, gígùn ni kí o mú, torí àgọ́ tó ga ni ìjì ń rí gbá mú. Agbára ìjì kì í pọ̀ ní ìlọ́po méjì bí ìyára rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló máa ń di. Lórí Cairn Gorm, òkè tó ga ní mítà 1245, ẹ̀rọ wọn ìjì kan ní 20 oṣù kẹta 1986 tó ń sáré ní máìlì 173 láàárín wákàtí kan. Kò sí àgọ́ tí ènìyàn ń gbé sẹ́yìn tó lè dúró níwájú ìyẹn, ẹ kò sì ní jáde lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí o mọ irú ibi tí ẹ ń lọ ni.

Ìjì yìí tún kan ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rẹ lọ́nà tí àwọn kúkúrú kì í rò. Wọ́n máa ń kọ́ni pé kí a kọ ìparí àgọ́ tó kéré sí ojú afẹ́fẹ́, ìparí yẹn sì sábà máa ń jẹ́ ibi ẹsẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń ti aṣọ náà wọlé, ẹsẹ̀ rẹ ń tì í jáde, láàárín yín ni aṣọ inú àti aṣọ òde ti máa pàdé, omi á sì gba ibẹ̀ kọjá. Yìnyín tí afẹ́fẹ́ bá gbá jọ síbẹ̀ lóru tún máa ń wúwo bọ̀ lé e, àyè tí o wọ̀n nírọ̀lẹ́ lè ti dín kù kí ó tó di agogo mẹ́ta òru. Ẹ gbọ́dọ̀ jáde lọ fi ṣọ́bìrì kó o. Ìdí nìyí tí mo fi yan àgọ́ tí ìparí rẹ̀ méjèèjì dọ́gba, tí ọ̀pá ń kọjá lórí ara wọn, ju èyí tó rí gbọọrọ bíi Nallo lọ, fún ẹni gíga.

Aṣọ àgọ́ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Náílọ̀n máa ń mu omi díẹ̀, á sì rọ̀. Àgọ́ tí o fà le ní ìrọ̀lẹ́ á ti rọ wálẹ̀ sójú ẹsẹ̀ rẹ lóru. Jáde kí o tó sùn, tún okùn fà. Pọ́líẹ́sítà kì í rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Aṣọ Dyneema kì í rọ̀ rárá, ó sì fúyẹ́ bí ìwé, ṣùgbọ́n ó wọ́n, kò sì fẹ́ràn kí nǹkan ṣónṣó tàbí àpáta máa ha á. Àwọn tó ń gun òkè pẹ̀lú irin yìnyín lẹ́sẹ̀ ló ń gbé e wá fún mi jù láti lẹ̀.

Bọ́ sórí ìwúwo, nítorí ìyẹn ló gbé ọ dé ibi àgọ́ 210. Àgọ́ kílò mẹ́ta tí ẹni méjì pín, kílò kan ààbọ̀ ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí o fẹ́ rà, ẹnì kọ̀ọ̀kan á ru bíi gíráàmù 750. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 750 fún ẹnì kan, tí kò tó omi lítà kan. Ibi tí o ti lè rí i yọ wà. Sítóòfù kan àti ìkòkò kan tó fún ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ fi àwọn àpò aṣọ pẹlẹbẹ tí ẹ fi kó ẹrù dì yìnyín, ẹ so okùn mọ́ wọn, ẹ sin wọ́n: wọ́n ń di àgọ́ mú nínú yìnyín rírọ̀ ju èèkàn tín-ín-rín lọ, ẹ kò sì ní ru ọ̀pọ̀ èèkàn. Ẹ yọ aṣọ ìpààrọ̀ kúrò, àfi ìbọ̀sẹ̀ àti ìbọ̀wọ́. Ohun tí kò yẹ kí o dín ni okùn àgọ́, ṣọ́bìrì, àti ohun tó ń mú ọ móoru. Mo ti rí àwọn tó gé okùn àgọ́ wọn dànù láti dín gíráàmù 60. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Bí owó kò bá tíì tó fún àgọ́ tuntun, má jókòó sílé. Àgọ́ tí o ní lè mú ọ la àwọn òru tí kò le já. Wọ ẹ̀wù òjò rẹ, èyí tí omi kì í gbà wọ̀, sí ìdí àpò ìsùn, kí o fa síìpù rẹ̀ títí dé òkè: omi ara ògiri á bọ́ sórí ẹ̀wù, kò ní kan ìyẹ́. Má fi dí orí rẹ o. Wo àárín ògiri ibi ẹsẹ̀ lóde. Bí ó bá ní ojú okùn níbẹ̀, fi okùn fà á síta, o lè jèrè ìbú ọwọ́ kan. Bí kò bá ní, ẹni tó ń tún àgọ́ ṣe lè rán an sí i fún ọ, kì í ṣe iṣẹ́ ńlá. Ṣí ojú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ bó ti wù kí òtútù mú tó. Àwọn ẹni gíga máa ń dí gbogbo ihò nítorí òtútù ẹsẹ̀, oru ẹnu á sì kún inú àgọ́, ìdí àpò ìsùn á rin jù ti àná lọ.

Ojú afẹ́fẹ́ yìí kan náà ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ lé lórí gan-an. Bí ẹ bá ní láti dáná ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí ìjì, ẹ ṣí ilẹ̀kùn láti òkè àti láti ìsàlẹ̀. Èéfín kan wà tí iná sítóòfù ń mú jáde, tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, ó sì ti pa àwọn agunkè tó mọṣẹ́ wọn dunjú sínú àgọ́. Bí orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ẹ̀yin méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ pa iná, ẹ jáde.

Fún ìrìn-àjò yín, ìmọ̀ràn mi ni àgọ́ aláṣọ méjì bíi Jannu, tàbí èyíkéyìí tó bá fún ọ ní 210 nígbà tí o bá fi páálí rẹ wọ̀n ọ́n. Tokunbọ̀ rẹ̀ pọ̀ ní Britain, ó sì máa ń pẹ́. Wo ojú rírán àti inú aṣọ òde dáadáa kí o tó sanwó. Àgọ́ yìí kan náà lè bá yín lọ sí Alps, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé òfin ibẹ̀ yàtọ̀. Ní Scotland, òfin 2003 fún ẹsẹ̀ àti àgọ́ lómìnira lórí ọ̀pọ̀ ilẹ̀, níwọ̀n tí ẹ bá ń ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ní ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà gun Mont Blanc láti ilẹ̀ Faransé, àgọ́ kò ṣeé ta síbi tó bá wù yín, ibi tí wọ́n ń pè ní Tête Rousse lójú ọ̀nà náà ni àyè wà, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti fi orúkọ sílẹ̀.

Kí ẹ tó gòkè, ẹ kọ́kọ́ sùn ní Glenmore nísàlẹ̀, lẹ́bàá Loch Morlich, níbi tí mọ́tò yín wà nítòsí. Ẹ ta àgọ́ náà nínú òkùnkùn, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́. Láàárọ̀, fi ọwọ́ gbá ìdí àpò ìsùn rẹ mú. Bó bá gbẹ, ẹ ka ohun tí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣọ́ ìwólulẹ̀ yìnyín ní Scotland kọ fún ọjọ́ náà nípa Northern Cairngorms, kí ẹ wá pinnu ọ̀nà. Bó bá rin, ẹ wá ibi tó ti kan ògiri, ẹ tún un ṣe níbẹ̀, kí ẹ sùn sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Fi iye tí páálí rẹ fún ọ ránṣẹ́ sí mi kí o tó sanwó, màá wò ó fún ọ.